Táyà Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá n'Ísarà

Ìyá mi àtàtà, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà. Mo kí àǹtí mi Sìdíkátù tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì kí Àlùfáà tó kírun sí Bàbá lára. Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa pẹ̀lú, torí tiwọn ni mo ṣe ní kí oníwèé ìròyìn tẹ ìwé yìí síta dípò kí n fi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀.

Ara mi le. Òtútù ti dé síbí, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú, èmi nìkan ni mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó rò pé márúwá ni mo ń tún ṣe l'Ókè Òkun pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ wà. Àwọn tó ní mọ́tò nílé níbí ni wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó lọ ṣeré. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ohun tí òun ti ń ṣe láti ìgbà èwe òun ni wọ́n sọ di fàájì.

Ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí táyà ni ọ̀gá mi fi mí sí. Oníbàárà á wọlé, á béèrè èyí tó yẹ kó rà, èmi á sì bi í pé irú ọ̀nà wo ló ń gbà. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà, màá fún un ní tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán. Bó bá jẹ́ ọ̀nà abúlé àti òkúta wẹ́wẹ́, màá mú èyí tó fẹ̀ tó sì ní eyín fún un, màá sì kìlọ̀ pé kó má fẹ́ ẹ le jù, kí àtàǹpàkò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, kí táyà lè di ilẹ̀ mú. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo ń sọ ọ́, n kì í ṣì í sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, Ìyá mi.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé táyà kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí òun rà l'Ógèrè ti jẹ tán. Bí tíṣà tó jẹ́, ó ṣàlàyé ọ̀nà oko fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì: ọ̀dà á tán lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí odò. Ó ní òun kò fẹ́ èyí tó rẹwà, èyí tó ní eyín ni òun fẹ́.

Obìnrin ọmọ ilẹ̀ wa kan tó wà níbí ń bọ̀ nílé nígbà náà, ó ní ẹrù òun ti kún, nǹkan kékeré nìkan ni òun lè bá mi gbé. Àwọn eléyín tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa nípọn, wọ́n wúwo. Ṣùgbọ́n méjì kan wà tó ń dán, tó ṣeé ká bí ìgbànú. Mo lè dúró de ẹlòmíràn tó ń bọ̀ nílé. N kò dúró. Mo fẹ́ kí nǹkan mi dé kó tó di Iléyá, kí àwọn èèyàn lè rí i pé ọmọ Bàbá Tíṣà tó wà l'Ókè Òkun kò gbàgbé ilé. Nígbà tó dé ọwọ́ Bàbá, ó bi mí pé eyín rẹ̀ dà. Mo ní èyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, pé ó ju eléyín lọ. Irọ́ ni mo pa. Ó gbà mí gbọ́ torí ó mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni. N kò tilẹ̀ sọ fún un pé kó má fẹ́ ẹ le, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ àwọn fókánáísà wa, táyà tí kò bá le gbagidi, wọn kò gbà pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀.

Àǹtí mi sọ fún mi pé tí Bàbá bá ti oko dé, á fi àkísà nu táyà náà, pé kò sẹ́ni tí kò sọ fún ní mọ́ṣáláṣí pé Sàkírù ló fi ránṣẹ́. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Inú mi dùn gan-an.

Lọ́jọ́ tí Bàbá ṣubú, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Oníbàárà yín ń bọ̀ láti Ṣàgámù wá kó obì, ẹ sì bẹ Bàbá kó sáré gbé apẹ̀rẹ̀ tó kù ní ahéré wá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ló ti ń bọ̀ tí kẹ̀kẹ́ fi yọ̀ mọ́ ọn nídìí, tòun tapẹ̀rẹ̀ ló ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀ ní ọsibítù, mo béèrè bí ara ṣe rí. Ó ní ẹrẹ̀ ló gbé òun ṣubú, pé kò sí ohun tó ṣe táyà. Èmi kò dárúkọ táyà o. Òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ rẹ̀. Bàbá mi mọ̀, ó ń bò mí láṣìírí lórí ibùsùn àìsàn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó kú. Kí n tó parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ti sin ín bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ká ní ẹ tilẹ̀ dúró dè mí, pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí torí ìwé ìgbélùú mi, n kò ní lè wá. Mo dúró sáàárín àwọn kẹ̀kẹ́, oníbàárà kan wọlé, ó béèrè táyà ọ̀nà abúlé. Mo mú èyí tó tọ́ fún un.

Àǹtí mi ní ẹ kì í jẹun dáadáa mọ́. Ó ní ẹ ti pa òwò obì tì, ewé tí ẹ fi bò ó ti gbẹ, obì ń bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀, pé ẹ kàn ń tún un sọ pé ká ní ẹ kò rán an. Ó ní àwọn kan ládùúgbò tilẹ̀ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ojúkòkòrò ìyàwó ló pa Bàbá Tíṣà. Èyí ni n kò lè gbà.

Ìyá mi, àìmọye ìgbà lẹ ti rán Bàbá lọ sí oko yẹn lẹ́yìn òjò, tó lọ tó bọ̀. Ọ̀nà kò yí padà, obì kò yí padà. Táyà ló yí padà, èmi ni mo sì yí i. Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ẹ fi ìyá mi lọ́rùn sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bú èèyàn, èmi nìyí.

Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, gbogbo Jímọ̀ ni mo ń pè yín, òtútù àti oúnjẹ nìkan ni mo sì ń sọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ kò ní gbé ìpè mi mọ́. Ẹ̀rù náà ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kẹ́ ẹ bínú sí mi ju kẹ́ ẹ máa jókòó síwájú ilé, kẹ́ ẹ máa dá ara yín lẹ́bi lórí ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Ẹ padà sídìí òwò yín. Ẹ jẹun.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé fún Bàbá, kó dárí jì mí, kó sì fún yín ní ẹ̀mí gígùn nínú àlàáfíà. Ẹ kí gbogbo ẹbí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun, màá pè. Bí ẹ kò bá gbé e, màá mọ ohun tó fà á, n kò sì ní bínú. Màá tún pè ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sàkírù