Orí Bùọ̀dá Tí Mo Fọ́

Ilé-Ifẹ̀, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹwàá, 1994

Bàbá Dàmọ́lá, mo ti fi ọmọ odó fọ́ orí ẹ̀gbọ́n yín. Mo máa fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí yín ní Èkó lọ́la.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ gba ohùn àwọn ará àdúgbò Ẹnuwá sí, fún ìwádìí oyè másítàsì yín lórí ìròyìn rédíò, ni Bùọ̀dá fẹ́ gba fújì lé. Mo ní rárá.

Ó ní, "Ìyàwó tí a fẹ́ sílé ló di lọ́yà kásẹ́ẹ̀tì!"

Ó gbá mi létí, tọmọ-tọmọ lẹ́yìn mi, ó sì ń fa téèpù náà jáde bí ìfun ẹran. Mo bá gbé ọmọ odó, mo là á mọ́ ọn lórí. Inú mi dùn nígbà tó ṣubú. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Wọ́n ti rán orí rẹ̀. Ìyá yín ní kí n padà sílé àwọn òbí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì: ṣé kí n lọ?