Wúrà Kì Í Ṣe Èrè Òwò: Lórí Pàṣípààrọ̀ Tí Ẹ Fi Sípò Kìíní

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ọjà Ọba,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Àṣá,
Pápá Ìṣeré Àṣá,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ WÚRÀ AKÍNFỌLÁRÌN PADÀ SÍ OǸDÓ KÍ ÌFORÚKỌSÍLẸ̀ FÚN ÌDÍJE TUNTUN TÓ PARÍ

"Láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀run, kò tíì sí ẹgbẹ́ kan tó mọ pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù ṣe bí Ẹgbẹ́ Àṣá Àkúrẹ́." Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́, ẹ̀yin ni ẹ sì fi lẹ́tà tó ga tó ọmọ ọdún méje kọ ọ́ sára pátákó tí ẹ rì mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá yín. Àwòrán yín wà lábẹ́ rẹ̀, tẹ̀yin ti fìlà, pẹ̀lú oyè mẹ́rin níwájú orúkọ àti méjì lẹ́yìn rẹ̀. Mo dà á kọ síhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, n kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù tó kọjá ni mo rí pátákó náà. Mo ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ aránṣọ mi ní Ọjà Ọba nínú kẹ̀kẹ́. Bí a ti dé iwájú pápá yín, awakọ̀ dúró, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan yìí tán." Àkọlé rẹ̀ ni "Pàṣípààrọ̀ Mẹ́wàá Tó Dára Jù Lọ Nínú Ìtàn Wa". Mo bá a kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Láti ipò kẹwàá títí dé ìkejì, ẹ̀rín ni mo ń rín. Nígbà tí mo dé ipò kìíní, ẹnu mi là sílẹ̀, n kò sì rí i pa dé títí mo fi délé.

Kí ẹ má baà rò pé aláròká kan tí kò mọ bọ́ọ̀lù ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n sọ pé mo ti ń wo Àṣá láti ìgbà tí apẹ̀rẹ̀ yín ti jẹ́ irin páìpù omi tí wọ́n tẹ̀ kọ́ sára igi. Mo ti jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin yín rí. Mo lè bá yín jiyàn lórí ìtòlẹ́sẹẹsẹ yín, ìjiyàn náà ì bá sì dùn. Ní ipò kẹwàá, ẹ fi agbábọ́ọ̀lù méjì gba géńdé ará Ìpógun kan tó ga bí ọ̀pẹ, tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fò rí. Bí ìyẹn bá wà lára mẹ́wàá tó dára jù, mo kẹ́dùn fún àwọn tí kò wọlé. Ní ipò karùn-ún, ẹ fi kóòṣì gba kóòṣì, àwọn méjèèjì sì ti padà sí ibi tí wọ́n ti wá kí ọdún tó yí po. Ìrìn àjò nìyẹn. Ipò kẹta ni ẹ wá fi Lawrence sí, ọmọkùnrin tí ẹ gbà nígbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ó ti kúrú jù. Kí Lawrence tó dé, ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí lọ́wọ́ ní Àṣá kì í fi í sílẹ̀ fún ẹnìkejì àfi bí wọ́n bá já a gbà. Òun ló kọ́ wọn pé ènìyàn márùn-ún ló ń gbé bọ́ọ̀lù dé abẹ́ apẹ̀rẹ̀. Bí èmi ni mo ń tò ó, òun ni ìbá wà ní ipò kìíní, gbogbo wa ìbá sì lọ sùn ní àlàáfíà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ sí ipò kìíní nìyí: "WÚRÀ. A fún Oǹdó ní ẹyọ kan, a gba ẹyọ kan. Ẹyọ tí a fún wọn tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá bá wa! Méjì lọ́wọ́ wa, òfo lọ́wọ́ wọn." Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Háà, àwọn èèyàn yìí gbọ́n o! Mọ́mì, bí ewúrẹ́ tí mo tà bá tẹ̀lé mi padà délé, ṣé n kò ní jó ni?" N kò lè rín ẹ̀rín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó ta ewúrẹ́ fún ẹnì kankan lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí ìdíje ọdún 2022 tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin yín kò ní ẹni gíga tó lè dúró lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ògbójú ti Oǹdó ní Wúrà, tó ga, tó sì lágbára, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹni tó lè jù ú wọlé láti òkèèrè. Ẹ̀yin ní Monílọ́lá, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé. Olóògbé Bàbá Akínyẹmí, ẹni tó jẹ́ alága kí ẹ tó dé orí àga, wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi pẹ̀lú Ìyáàfin Joy, kóòṣì Ògbójú. Wọ́n yan ilé mi nítorí pé Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, ọmọ Oǹdó sì ni mí. Ìhà méjèèjì ló gbà pé n kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ Ilú-Àbò ni Bàbá Akínyẹmí, bí àgbẹ̀ ló sì ṣe sọ̀rọ̀. Ó ní, "Joy, ọmọ mi, àáró ni ká fi ṣe. Yá mi ní Wúrà, kí n yá ọ ní Monílọ́lá. Bí ìdíje yìí bá parí, kí kálukú padà sóko bàbá rẹ̀." Joy béèrè bóyá kí àwọn kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Bébà kẹ̀? Ta ló ń fi bébà ṣe àáró? Tíṣà jókòó síbí yìí, ó ń gbọ́ wa."

Mo gbọ́ wọn. Mo ṣì ń gbọ́ wọn.

Ó ṣeé ṣe, Ẹ̀yin Ọ̀gá, kí ó jẹ́ pé ilé alájà ni wọ́n ti tọ́ yín dàgbà, tí ẹ kò sì bá wọn ṣe àáró rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n ṣàlàyé. Àgbẹ̀ kan kì í dá oko ńlá ro. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kó ara wọn jọ, wọ́n á ro oko ẹni àkọ́kọ́ lónìí, wọ́n á ro ti ẹnìkejì lọ́túnla, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀, kò sì sí ìwé. Ẹni tí wọ́n bá bá ro tirẹ̀ tán, tó wá jókòó sílé lọ́jọ́ ti ẹlòmíràn, wọn kì í gbé pátákó ọgbọ́n kalẹ̀ fún un. Wọ́n á kàn yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ni, òun nìkan á sì máa bá koríko jà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdíje parí. Ọwọ́ Wúrà gba ife wá fún Àkúrẹ́, a sì jó yí ọjà ká. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan náà, Joy fúnra rẹ̀ sin Monílọ́lá wálé, ó tún di iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ láti fi dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: Oǹdó ló dá a padà. Monílọ́lá kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sá kúrò níbì kankan. Lásìkò náà, Bàbá Akínyẹmí ti wà lórí ibùsùn àìsàn, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ tuntun dé, ẹ̀yin sì ni olórí rẹ̀. Joy wá béèrè Wúrà. Ẹ ní kí ó jẹ́ kí ìdíje kan sí i kọjá. Ó kọjá. Ó tún wá, ẹ tún sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá ní ìgbà kẹta, akọ̀wé yín sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìtàn, a kì í sì í yí ìtàn padà. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn fún ọdún pípẹ́, mi ò sì mọ̀ pé ó máa ń di ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ibùdó agbábọ́ọ̀lù.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ife àti apẹ̀rẹ̀ nìkan ni, n kò ní fi gègé kan bébà. Nígbà tí Wúrà ń bọ̀ ní Àkúrẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Tolúwalọpẹ́, lẹ́nu ọmú ni. Ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oǹdó fún ìdíje kan péré, nítorí pé èmi àti Bàbá Akínyẹmí sọ fún un pé ìdíje kan péré ni. Òfin ibùdó yín kò gba ọmọ kékeré. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò, ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù ni wọ́n sì ń fún wọn láyè láti lọ sílé, bí kò bá sí eré lọ́jọ́ náà. Eré sì máa ń wà.

Ní ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ẹ yọ̀ǹda Wúrà, a sì jọ lọ. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá rẹ̀ ti ọmọ náà síwájú, ó ní, "Ó yá, lọ kí màmá ẹ." Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìkórè, àǹtí." Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní àyà, ó sì sá padà lọ di aṣọ ìyá àgbà mú, ó ń pe ìyẹn ní "Mọ́mì". Wúrà dá a lóhùn pé, "Ó káre, ọmọ dáadáa," bí ìgbà tí ènìyàn bá ń dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Mo ti rí i tí obìnrin mẹ́ta fi ìgunpá gbá a níhà, tí bọ́ọ̀lù kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò lè di àpò ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní ọdún kan ni."

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Wúrà wá sí ọ́fíìsì yín láti tọrọ ìwé ìyọ̀ǹda. Akọ̀wé yín fà á lọ́wọ́ dé ìdí pátákó náà. Ó ní, "Wo bí a ṣe kọ orúkọ rẹ gàdàgbà. Àwọn ẹlòmíràn ń bẹ Ọlọ́run fún ipò kẹwàá. Ṣé ẹni ipò kìíní ló wá fẹ́ máa lọ sílé?" Monílọ́lá gbọ́, ó wá bá mi pẹ̀lú omi lójú. Ó ní, "Mà, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yọ mí kúrò nínú ọgbọ́n wọn. Ojú ń tì mí láti kọjá níbẹ̀."

Mo mọ èsì yín: láìsí Wúrà, Àṣá kò ní ẹni gíga. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí lọ́jọ́ tí Bàbá Akínyẹmí lọ tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, tí wọ́n sì fún un. Ta ni yóò tún fún yín? Joy sọ fún mi pé kò sí kóòṣì kan láàrin Oǹdó àti Ìpógun tí kò tíì gbọ́ nípa pátákó yín. Wọn kò kà á bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n kà á.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda Wúrà kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí ní òpin oṣù yìí. Bí ẹ bá tún fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ Àṣá, ó di ọdún kan mìíràn nìyẹn kí ó tó lè gbá bọ́ọ̀lù fún Oǹdó, ọdún márùn-ún sì ni ọmọ náà yóò pé. Ẹ rán ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n sọ kí ó sìn ín délé, bí Joy ti sin Monílọ́lá. N kò ní kí ẹ wó pátákó yín. Ẹ kun ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, kí ẹ sì gbé Lawrence gòkè. Fìlà yín lè wà níbẹ̀. Ó yẹ yín.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí. Ìbéèrè kan péré ló kù, n kò sì fi ẹ̀gàn bi í: ká ní Oǹdó náà di Monílọ́lá mú, bí ẹ ti di Wúrà mú, ipò kelòó ni ẹ̀ bá fi pàṣípààrọ̀ yẹn sí?

Èmi ni, tí mo ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún Àṣá,

Olúfúnkẹ́ Adépọ̀jù (Ìyáàfin),
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìyá Ẹgbẹ́ Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Obìnrin Àṣá nígbà kan rí.