Omi Iléeṣẹ́ Tí Ẹ Gbé Wálé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo lérò pé ara yín le, pé oúnjẹ ń ṣe yín lóore, pé ẹsẹ̀ tó máa ń dùn yín ti fúyẹ́. Ara tèmi náà le. Ara Màámi le níwọ̀nba. Mo kọ́kọ́ kí yín dáadáa kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, kẹ́ ẹ má baà ní ọmọ yín ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fojú fo ibi tí àkọsílẹ̀ mi bá ti wọ́. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìwé mi dúró sí, ẹ sì mọ ìdí tó fi dúró síbẹ̀.

Àbúrò yín, Bọ̀ọ̀dá Mẹ́káníìkì, ti jíṣẹ́ yín. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, gíríìsì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ẹ máa wá síwájú àwọn ẹbí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa sọ fún wọn pé Tíńtín àbúrò mi kì í ṣe ọmọ yín, kí Màámi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, kí wọ́n jáde nílé bàbá yín. Wọ́n ní kí èmi máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín, pé ẹ máa dá mi padà síléèwé. Màámi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ṣáà ń tẹ̀ títí Tíńtín fi ní, "Màámi, nǹkan ń rùn o." Ó ti jó.

Ọ̀rọ̀ ojú lẹ ń sọ, mo mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i lẹ ti ń wo ojú ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlòmíì fún. Ẹyinjú kékeré, ètè òkè tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, àárín imú àti ètè tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí kòtò tín-ín-rín tí gbogbo wa ní níbẹ̀. Ẹ ní, "Ta ló nírú ojú yìí nílé wa?" Màámi sunkún, ẹ ní ẹkún alágbèrè ni. Ẹ rò pé mi ò gbọ́. Lẹ́yìn náà lẹ kó aṣọ yín.

Ẹ ò sí nílé nígbà tó ń dàgbà, torí náà ẹ jẹ́ kí n ròyìn ẹ̀ fún yín. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, àmọ́ aṣọ ọmọ ọdún márùn-ún ló ń wọ̀. Lánàá ó mọ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà, lónìí kò mọ̀ ọ́n mọ́, àfi bí ẹni pé olè wọlé wá kó o lórí ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ti Tíńtín kò rí bẹ́ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù jó o lọ́wọ́, ó ké gbàjarè, kò pẹ́ kò jìnnà ó tún na ọwọ́ síbi kan náà. Bí àlejò wọlé, orí itan ẹ̀ ló ń lọ jókòó, ì báà jẹ́ ẹni tí a ò rí rí. Bí ariwo bá pọ̀, á máa forí gbá ògiri. Tíṣà ẹ̀ ní olóríkunkun ni. Ìyá oníbúrẹ́dì ní wọn ò nà án tó ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Gbàgbé, ó sì ń jẹ́ ẹ, á tún máa rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Ọwọ́ tó jó yẹn ló gbé wa dé ọsibítù. Dókítà àwọn ọmọdé, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, kò wo ọwọ́ nìkan. Wọ́n gbé àgbọ̀n Tíńtín sókè, wọ́n wo ojú ẹ̀ pẹ́, wọ́n fi téèpù wọn orí ẹ̀, wọ́n ní kó rìn lórí ìlà ilẹ̀. Ó ṣubú, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà wá bi Màámi pé ṣé wọ́n mu ọtí nígbà tí wọ́n lóyún ẹ̀. Màámi fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Èmi kẹ̀? Ọtí? Ẹ bi gbogbo àdúgbò wa wò, ọtí ò kan ẹnu mi rí." Wọn ò parọ́, Bàbá. Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn. Wọn ò parọ́.

Torí nílé wa, ọtí ni èyí tí káfíńtà ọ̀ọ́kán máa ń mu tó fi ń sùn sí gọ́tà. Èyí tẹ́ ẹ̀yin máa ń gbé bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ti ń lẹ bébà mọ́ ìgò, kì í ṣe ọtí. Ìgò tí bébà ẹ̀ bá wọ́, iléeṣẹ́ yín ò lè tà á, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Ẹ máa ń bó bébà náà dànù, ẹ máa ń gbé ìgò náà sórí tábìlì, ẹ máa ní, "Ọtí kọ́ nìyí o, omi iléeṣẹ́ ni." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èébì oyún fẹ́ pa Màámi, ẹ̀yin lẹ bù ú fún wọn. "Mu díẹ̀, á jẹ́ kínú ẹ balẹ̀." Inú wọn balẹ̀ lóòótọ́. Látìgbà yẹn, bílẹ̀ bá ti ń ṣú, ife tiyín, ife tiwọn, títí wọ́n fi bímọ. Èmi ni mo máa ń fọ ife náà.

Nítorí náà èmi ni mo lanu. Mo ní, "Dókítà, omi iléeṣẹ́ ńkọ́?" Wọ́n ní iléeṣẹ́ wo. Mo ní iléeṣẹ́ ọtí tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ni. Màámi wò mí bí ẹni tí mo tú láṣọ lójú ọjà.

Dókítà ní ohun tí ìyá bá mu, ọmọ inú ẹ̀ náà ń mu ún, àmọ́ ara ọmọ ò lágbára láti fọ̀ ọ́ dànù. Wọ́n ní ó ń ba ọpọlọ jẹ́ níbi tó ti ń hù, òun náà ló ń sọ ojú di bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́. Wọ́n ní kò sí ìwọ̀n kankan táwọn lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu fún aláboyún. Kì í ṣe agídí, kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹgba ò lè tún un ṣe, kò sì sóògùn tó máa mú un kúrò. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kọ́ ọ ní nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, láìpariwo, tí a kì í yí i padà, á máa mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún ní Màámi ò mọ̀ọ́mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi bú wọn. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ẹ gbọ́ mi yé o, Bàbá. Ojú tẹ́ ẹ ní kò jọ yín yẹn, ọwọ́ yín wà nínú bó ṣe rí. Ìgò tí bébà ẹ̀ wọ́, tayọ̀tayọ̀ lẹ fi ń gbé e wálé. Ọmọ wá wọ́ lójú yín, ẹ ní ẹ ò mọ iléeṣẹ́ tó ti wá. Etí ẹ̀ tó nà síta bíi tiyín, ẹ ò wo ibẹ̀.

Látọjọ́ yẹn, Màámi ò lè wo ojú Tíńtín mọ́. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bọ́ ọ, àmọ́ ọrùn ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Inú bí mi sí wọn, inú sì tún bí mi pé inú bí mi sí wọn. Mo ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ omi iléeṣẹ́ fáwọn ẹbí lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní, "Kí n wá sọ fún wọn pé èmi ni mo ba ọmọ mi jẹ́? Kí wọ́n kúkú máa pè mí ní alágbèrè." Ẹ rí ohun tẹ́ ẹ sọ ìyàwó yín dà? Nínú orúkọ burúkú méjì, èyí tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n fẹ́ jẹ́.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ pé ọtí ni, pé ẹ̀yin lẹ gbé e wálé, ẹ̀yin lẹ bù ú, ẹ̀yin lẹ yí orúkọ ẹ̀ padà. Nígbà yẹn, ẹ ò mọ̀, Màámi ò mọ̀. Ní báyìí ẹ ti mọ̀. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi máa sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í dá sọ́rọ̀ àgbà. Wọ́n lè gbá mi létí, màá fi etí tó ń hó sọ ọ́. Bílé bá sì bọ́ lọ́wọ́ wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń jáde.

Ní ti iléèwé, ó wù mí. Ó wù mí débi pé tí àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù bá ń kọjá, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí wọn. Mi ò bọ̀. Ẹ ò lè fi ìwé ra ẹnu mi.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín níbi iṣẹ́. Kí ẹ̀rọ má gé yín lọ́wọ́. Kí ojú yín má rí ohun tójú Màámi ń rí. Àdúrà gidi ni o, èébú kọ́.

Èmi ni àkọ́bí yín,
ọmọ tẹ́ ẹ ò tíì sẹ́.

Àfikún: Tíńtín bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní bàbá ẹ̀ ni. Inú ẹ̀ dùn, ó fò sókè, ó ní kí n kí yín. Nígbà tí mo fi máa dé ìparí ìwé yìí, ó tún wá bi mí pé ta ni. Mo tún sọ fún un. Inú ẹ̀ tún dùn bíi ti àkọ́kọ́.