Ẹ Má Pa Giza Mọ́

Bàbá Fikáyọ̀,

Mo ti gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Rosettenville. Ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ìrẹsì wà nínú fíríìjì, ẹ gbé e kaná gáàsì.

Mo wọ balùwẹ̀ lẹ́yìn wọn láàárọ̀ yìí, omi tó ṣẹ́kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tutù bíi yìnyín. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń pa giza tó ń mú omi gbóná torí owó iná, omi tútù ni ìyá yín fi ń wẹ̀ nínú òtútù Joburg yìí. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ omi gbígbóná kó sọ. Ẹ sì mọ̀ pé ìyá yín ò ní sọ.

Mo ti tan giza. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Tẹlifíṣọ̀n tí ẹ máa ń sùn lọ níwájú ẹ̀ ni kí ẹ máa pa.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ bí a ṣe ń jà lórí owó iná, àwọn sì rò pé torí pé àwọn wá kí wa ni.

Mo wọ yàrá wọn lọ mú súwẹ́tà. Wọ́n ti di ẹrù wọn.

Tẹjú