Orúkọ Tí Wọ́n Rà Ní Owó Búrẹ́dì Mẹ́fà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo mọ̀ pé bí ara mi ṣe rí lo kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ṣe ìṣirò owó tí o fi ránṣẹ́ fún ọ ná. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ló dé ọwọ́ mi. Káàdì ilé ìwòsàn àti àwòrán egungun gba ẹgbẹ̀rún méjìlélógún. Wọ́n rán orí mi, wọ́n sì di ọwọ́ òsì mi, ìyẹn gba mọ́kàndínlógún. Ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tuntun gba mẹ́fà, áyọ́ọ̀nù mìíràn gba mẹ́jọ. Ó ku ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ara mi náà ti ń bọ̀ sípò. Mo nírètí pé àlàáfíà ni ìwọ náà wà, pé ò ń jẹun kánú, pé o kì í febi pa ara rẹ nítorí àtifi owó pamọ́ bíi ti ìyá rẹ.

Orí ìwé ni mo kọ èyí sí nítorí mi ò fọkàn tán fóònù mọ́. Dírẹ́bà tó ń kó ẹrù wá sọ́dọ̀ yín ló máa fi lé ọ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ sọ fún mi pé o ti di ẹrù, pé o fẹ́ wá dúró lẹ́nu géètì ilé búrẹ́dì kí o sì pariwo pé ìwọ ni Ojú-Ń-Rí. Jókòó. Ka ìwé yìí tán kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Títí di ọjọ́ Sátidé tí wọ́n wá lù mí yẹn, èmi pẹ̀lú rẹ nìkan la mọ ẹni tó ń jẹ́ Ojú-Ń-Rí. Gbogbo àdúgbò ló ń ka ohun tí ò ń kọ sórí ìkànnì wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kà á pé ọ̀gá ilé búrẹ́dì yọ ìdérí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun kí iṣẹ́ lè yá, pé ẹ̀rọ náà fa ọwọ́ Agbára, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ, wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì já a, pé kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ nílẹ̀, ọ̀gá ti ní kí wọ́n da ìyẹ̀fun pupa yẹn nù kí wọ́n sì po òmíràn, kí búrẹ́dì àárọ̀ má baà pẹ́. Ọ̀gá ní Agbára mutí ni. Ká ní o fi orúkọ rẹ kọ ọ́, ìwọ tí ò ń ka búrẹ́dì nínú ilé kan náà nígbà yẹn, ṣé o máa pẹ́ níbẹ̀ tó láti gba iṣẹ́ tó o wà yìí? Àìmọ̀ tí wọn ò mọ̀ ọ́ ni odi rẹ.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá. Mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn fò kúrò lára ògiri. Ọkùnrin mẹ́ta ni, wọ́n fi aṣọ bojú. Ọ̀kan tó ga ka nọ́ńbà kan sí mi létí, nọ́ńbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ránṣẹ́ sí Ojú-Ń-Rí. Ó ní, "Orúkọ rẹ ló wà lórí ẹ̀. Ta ló ń lò ó?" Ìgbà yẹn ni mo rántí pé káàdì ìdánimọ̀ rẹ kò tíì jáde lọ́jọ́ tá a lọ ra síìmù yẹn, tèmi la fi gbà á.

Mo ní, "Èmi ni mò ń lò ó. Èmi ni Ojú-Ń-Rí." Ó ní fóònù náà dà. Mo ní mo ti jù ú sínú ṣáláńgá, tó bá wù ú kó wọ ibẹ̀ lọ mú un. Ìdáhùn yẹn ló gba eyín iwájú méjì lẹ́nu mi. Mo gbé wọn mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Ó wá yíjú sí àwọn yòókù, ó ní, "Irọ́ ni ìyá yìí ń pa. Ọmọ ẹ̀ tó ń ka búrẹ́dì níjọ́sí ńkọ́?" Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Gbogbo lílù tí wọ́n ti lù mí kò tó ọ̀rọ̀ yẹn. Mo la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó tí wọ́n ń yọ lára òṣìṣẹ́ nítorí búrẹ́dì tó bá jóná, ti alẹ́ lọ́tọ̀, ti ọ̀sán lọ́tọ̀, gẹ́lẹ́ bó o ṣe kọ ọ́. O mọ̀ pé tí mo bá ti gbọ́ iye kan, kì í kúrò lórí mi. Ó gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Òun ni. Ọwọ́ wo lo fi ń tẹ̀ ẹ́?" Mo na ọwọ́ òsì, torí ọ̀tún ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, wọ́n sì fi ọ̀pá irin fọ́ ọ. Èmi náà fi ọ̀tún gbá áyọ́ọ̀nù mú, ó gbóná dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan ẹni gíga yẹn títí tí ṣòkòtò fi lẹ̀ mọ́ ẹran ara rẹ̀. Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ dé òpin òpópónà. Ó já áyọ́ọ̀nù gbà, ó fi là mí lórí, wọ́n sì sá.

Gbọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn wọlé, ọ̀kan nínú wọn bọ́ bàtà. O mọ òfin ilé wa, kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà débi tí aṣọ oníbàárà wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ ọ kí orí rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n sá, ó gbàgbé rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà: sálúbàtà kan tó kún fún ìyẹ̀fun, okùn rẹ̀ já, wáyà pupa ni wọ́n fi so ó. Èmi ni mo so wáyà yẹn. Ìléru ni, ọmọ tó ń dúró ti ààrò búrẹ́dì, tí ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jẹun nínú àwo kan. Òun ló di èjìká mi mú. Ó sì mọ̀ pé mi ò lè tẹ nǹkan kan lórí fóònù ju pé kí n gbé ìpè lọ. Nígbà tí wọ́n mẹ́nu kàn ọ́, kò tú àṣírí mi.

Nígbà tí mo lè rìn, mo kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ta síìmù yẹn fún wa, tó fún wọn lórúkọ mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ní ẹ jẹ àwọn lówó ni." Mo béèrè iye tó gbà. Egbèjìlá. Búrẹ́dì kan jẹ́ irinwó. Búrẹ́dì mẹ́fà ni wọ́n fi ra orúkọ mi, ọmọ mi, èyí tó kéré níbẹ̀ sì ni.

Lẹ́yìn náà, mo mú sálúbàtà lọ sẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n ń ṣíwọ́. Mo pe Ìléru lójú gbogbo wọn. Mo fi ẹsẹ̀ kan bàtà náà gbá a lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan péré, ètè rẹ̀ bẹ́. Mo ní, "Wọ bàtà ẹ." Ó wọ̀ ọ́, ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, wọ́n ní àwọn á gba iṣẹ́ mi." Mo ní kó máa tẹ̀lé mi. Ó tẹ̀lé mi dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ ti àwọn méjì yòókù, ó sọ ti ọ̀gá tó rán wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa ṣe nǹkan kan sí i.

Wọ́n ní àwọn kan tí wọn ò lórúkọ ti ń kọ ọ́ sórí ìkànnì pé ó yẹ kí wọ́n ti pa mí. Aṣọ kan náà ló bo ìwọ àti àwọn. Ìwọ fi í bo ẹni tí wọ́n lè lù, àwọn fi í bo ọwọ́ tó ń luni. Nítorí náà, mo ti bọ́ tèmi kúrò. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé èmi ni Ojú-Ń-Rí, wọ́n ya fọ́tò mi pẹ̀lú ẹnu tí kò léyín. Wọ́n ti mọ èmi, wọn ò lè tún mọ̀ mí ju báyìí lọ. Máa gbé ibi tó o wà, máa kọ̀wé lọ. Ìwọ lo ni ọwọ́, èmi ni mo ni orúkọ. Tó o bá wá sí géètì yẹn, a jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fọ́ ọwọ́ mi.

Kí Ọlọ́run bò ọ́ mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ọ. Kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ má fọ́, kí eyín rẹ pé títí di ọjọ́ ogbó. Mi ò ní kọ orúkọ sísàlẹ̀, o mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ.

Mo tún fi kún un: Kò sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ní àná, wọ́n ká Ìléru mọ́ ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, wọ́n lù ú débi pé ojú rẹ̀ ò ṣeé dá mọ̀, wọ́n sì kó káàdì ìdánimọ̀ àti fóònù rẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn ò gbà á, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó jẹ́. Sálúbàtà yẹn ni mo fi dá a mọ̀. Akọ̀wé béèrè ohun tí mo jẹ́ sí i, mo ní ìyá rẹ̀ ni, mo sì fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún san owó káàdì. Nítorí náà, kọ ọ́ sórí ìkànnì fún mi, kí gbogbo àdúgbò kà á. Ohun tí ọ̀gá ilé búrẹ́dì jẹ wá nìyí: ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́ta tí a ná lórí èmi àti ilé, ọgọ́ta fún eyín méjì, mẹ́rìndínlógójì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò ṣiṣẹ́, márùn-ún fún Ìléru. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìndínlọ́gọ́jọ. Ọwọ́ Agbára ò sí nínú rẹ̀, mi ò mọ iye tí wọ́n ń ta ọwọ́. Kò tíì san nǹkan kan.