Àdúrà tí Màámi Gbà Lórí Fóònù

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo lérò pé ara yín le, pé orúnkún yín ti jáwọ́ nínú ìjà tó ń bá yín jà, àti pé rédíò alájọgbélé yín ti bàjẹ́ bí gbogbo ilé ṣe ń tọrọ rẹ̀. Ní tèmi, ara mi kò le. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kà á bẹ́ẹ̀.

Èsì ti dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ti dá owó ìrànwọ́ àwọn aláìlera tí mo ń gbà dúró. Wọ́n ní kò sí àìsàn kan lára mi tí kò ní jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí n yọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, kò sí dókítà tó wò mí sàn. Akọ̀wé kan ló wá wò mí sàn láìfọwọ́ kàn mí.

Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, pé owó ìrànwọ́ yẹn ló ń bá mi dí àlàfo ọjọ́ yòókù. Mo lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá mi tí gbogbo wa ń pè ní Kíákíá. Ó ń ti bébà bọnú ẹ̀rọ ìgéwèé, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Tíjọba bá ti ní ara ẹ le, máa bọ̀ lọ́jọ́ márààrún nìyẹn. Tó ò bá lè ṣe é, tètè sọ, kí n wá ẹlòmíì." Mo ní, "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbé mi dé ilé ìwòsàn lóṣù tó kọjá, nínú ọkọ̀ tá a fi ń kó bébà?" Ó ní, "Mo mọ̀. Àmọ́ ta ni mí tí màá bá ìjọba jiyàn?" Lọ́dọ̀ Kíákíá, mo ṣàìsàn jù fún iṣẹ́. Ní ọ́fíìsì, ara mi le jù fún ìrànwọ́. Mo wà láàárín wọn bí ìka tí ilẹ̀kùn há mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí àwọn àgbà fún àìsàn yìí: fòníkú-fọ̀ladìde. Ọ̀ladìde yẹn ló ń kó bá mi. Bí ọ́fíìsì bá pè mí fún àyẹ̀wò, ọjọ́ tí mo bá ti jíǹde ló máa ń bọ́ sí, màá sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọlé bí ẹni tó wá san owó iná. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀gún gún ló ń ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ lọ. Èmi ṣe lákáǹlàkà dé ọ̀dọ̀ alábẹ, alábẹ ní bí mo bá ti lè rìn dé ibẹ̀, ẹ̀gún kò gún mi.

Mo bi obìnrin tó wà ní kàńtà léèrè ẹ̀rí tí wọ́n rí. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ bébà kan jáde, ó nà án sí mi. Màámi, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ lórí fóònù ni. Èmi ni mo fún wọn ní nọ́ḿbà yín, torí pé kò sẹ́ni tó mọ àìsàn mi tó yín. Wọ́n béèrè bóyá mo máa ń lè dìde fúnra mi láàárọ̀. Ẹ ní, "Ọmọ tèmi? Á dìde, á sì tàn! Kò sáìsàn kankan lára ọmọ mi, ẹ má fẹnu yín pè é mọ́ ọn." Wọ́n béèrè bóyá mo lè gun àkàbà. Ẹ ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Ta ló wá kun pálọ̀ mi látòkè délẹ̀?" Lẹ́yìn náà ẹ gbàdúrà fún òṣìṣẹ́ tó pè yín, pé kò ní fojú sunkún ọmọ. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n tẹ "Àmín" tí òun náà ṣe. Abẹ́ Àmín yẹn gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí: *Ó lè ṣiṣẹ́.*

Mo rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Màmá yín mà ṣèèyàn o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀ láti gbé mi dìde títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sílẹ̀.

Òótọ́ ni, mo kun pálọ̀ yín. Ọ̀dà náà sì dára. Ṣùgbọ́n ta ló sùn sí yàrá ẹ̀yìn lẹ́yìn ìyẹn, tí kò lè yí ara padà? Ta ló ń se omi gbígbóná, tó ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, tó fi aṣọ dí fèrèsé kí àwọn alájọgbélé má baà gbọ́ igbe mi? Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyẹn, Màámi. Ọ̀dà kọ́.

Mo mọ ìdí tí ẹ kò fi lè sọ ọ́. Ẹ gbà pé láti ara yín àti ti bàbá ni mo ti gba àìsàn yìí. Ní yàrá ẹ̀yìn yẹn, ìgbà kan wà tí ẹ rò pé mo ti sùn lọ, mo sì gbọ́ tí ẹ ń bẹ ẹsẹ̀ mi pé kó dárí jì yín. N kò bínú sí yín nígbà náà, n kò bínú sí yín báyìí. Ó kàn rẹ̀ mí ni.

Ìgbìmọ̀ kan yóò tún ẹjọ́ mi gbọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn tiwọn, kò sí ẹlòmíràn. Wọn yóò pè yín. Bí wọ́n bá lé mi padà, màá máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀yin àti èmi sì mọ ibi tí ọjọ́ márùn-ún yóò gbé mi dé. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn: "Ọmọ mi ń ṣàìsàn. Ìgbà mìíràn wà tí kò lè dìde. Kò ní san." Ẹ má fi "lágbára Ọlọ́run" kún un. Ẹ dá a sọ sókè nígbà tí ilé bá dá, kó lè mọ́ yín lẹ́nu. Bí ó bá wù yín, ẹ fi ọjọ́ kejì gba gbogbo àwẹ̀ tó wà láyé láti fi pa á rẹ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ bẹ ìyá rẹ̀ nírú ẹ̀bẹ̀ yìí. N kò rí ẹ̀bẹ̀ mìíràn tó kù ni.

Kí Ọlọ́run dá yín sí. Kí ó má jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ojú yín kò fẹ́ rí. Kí ọ̀nà ọ̀fun yín tu yín lára lọ́jọ́ náà.

Èmi ni,
Àbígbẹ̀yìn yín.

Mo tún rántí: mo dúró níwájú dígí láti dán ọ̀rọ̀ náà wò, kí n lè mọ bó ṣe wúwo tó kí n tó gbé e rù yín. "Ọmọ mi ń ṣàìsàn" jáde. "Ìgbà mìíràn wà tí kò lè dìde" jáde. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, mo ya ẹnu, ohun tí mo gbọ́ tó jáde ni "Ọlọ́run ò ní jẹ́." Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bákan náà ni.