Ẹni Tó Pè Mí Lábẹ́ Afárá Howrah

Ìyá mi,

Mo kí yín o. Ara mi dá ṣáṣá. Òdòdó ń tà, ìrẹsì wà lórí iná bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹ má dààmú rárá.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ máa ń sọ fún wa pé bí a bá gbọ́ ìpè kí ilẹ̀ tó mọ́, ká má dáhùn àfi tó bá pè lẹ́ẹ̀kẹta, torí iwin Nishi kì í pè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ? Ẹ̀kọ́ yín wúlò. Ní ìdájí àná, kùrukùru bo odò, mo ń so òdòdó lábẹ́ afárá, ni mo gbọ́ "Ẹ̀gbọ́n mi!" láti inú omi. Ó tún pè. Ohùn Bidhu àbúrò mi gan-an ni, àmọ́ iwin lè sín ohùn ẹni jẹ. Mo panu mọ́, mo ń retí ẹ̀ẹ̀kẹta. Kò pè mọ́.

Haru tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín: "O gbọ́n jàre! Àwọn tó dáhùn níbí dà? Òkú odò ti fà wọ́n lọ. Ìyá ẹ kọ́ ẹ dáadáa!"

Bidhu ti lọ fọ agbọ̀n létí odò ṣáájú ìgbà yẹn. Kò tíì dé. Bóyá ó bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọdá; ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, kì í jókòó síbì kan. Mo ti bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Haru ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí màlúù wa pàápàá. Bí Bidhu bá pè yín lójú oorun, Ìyá mi, ẹ má ka iye ìgbà tó pè. Ẹ dá a lóhùn.

Ọmọ yín,
Shefali